Ọdún Tí A Fẹsẹ̀ Yan Àpótí Ohùn

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ilé àwọn tó ń sin Ọlọ́run máa ń dákẹ́ rọ́rọ́, ẹ sọ fún un pé kò dé ilé wa ní Ẹ̀jìgbò rí. Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹsẹ̀ màmá mi ti wà lórí irin ìsàlẹ̀ maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, láìwọ bàtà, nítorí ó ní bàtà kì í jẹ́ kí òun mọ ohun tí maṣíìnì ń sọ. Sùtánà funfun ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ìjọ wa, láti orí Bàbá Wòlíì dé orí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ, aṣọ tí màmá mi rán ni wọ́n ń wọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á máa bó ẹ̀wà àkàrà lẹ́yìnkùlé, á máa kọrin, á sì máa bá ewúrẹ́ jà láàárín orin kan náà. Dọ̀tun àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, á máa ké pé òun ò wẹ̀. Èmi Ṣèyí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ilẹ̀ gbígbá àti omi pípọn ni tèmi, ẹnu mi kì í sì í sinmi. Ìyá Àgbà máa ń sọ pé bí mo bá ń gbálẹ̀, ẹnu mi ló ń kọ́kọ́ dé ojúde. Èyí tó wá dùn jù nínú gbogbo ariwo ilé wa ni gìtá bàbá mi.

Bíríkìlà ni bàbá mi láàárín ọ̀sẹ̀. Ó lè wà ní Ara lónìí, kó wà ní Ìsúndunrín lọ́la, á sì padà wálé pẹ̀lú sìmẹ́ńtì lórí ìpéǹpéjú. Bó bá ti wẹ̀, tó sì jẹun, gìtá ló kàn. Gìtá oníná ni, ó pupa, ọ̀dà rẹ̀ ti bó níbi tí apá máa ń gbé lé e. Òun ni onígìtá ìjọ wa láti ìgbà tó ti wà ní àpọ́n, màmá mi a sì máa sọ pé ohùn gìtá lòun fẹ́, pé bàbá mi kàn bá a wá ni. Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ìjọ ra kíbọ́ọ̀dù ńlá kan. Olórí akọrin, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Akọrin, ló ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ó bá a ní gbèsè. Lójú ẹsẹ̀, gìtá bàbá mi di ẹ̀fọn. Ẹ mọ bí ẹ̀fọn ṣe ń ṣe létí ẹni tó bá ń gbádùn oorun? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ní ọjọ́ Àìkú kan, Bàbá Akọrin wá sílé wa, ó mu omi tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Bàbá Ṣèyí, ẹ má bínú o. A ò gbọ́ yín mọ́. Àwọn àgbà ìjọ ní ká wò ó di ìkórè. Bí gìtá bá ṣì wà báyìí lọ́jọ́ ìkórè, ẹ ó bọ́ sáàárín àwọn tó ń kọrin, ká lè fi kíbọ́ọ̀dù kejì sí àyè yín." Bàbá mi ní, "Mo gbọ́, sà." Ṣùgbọ́n bàbá mi tí kì í kọ iyán, ó kọ iyán lọ́jọ́ náà. Iyán gidi, iṣu tuntun láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́! Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára.

Bí ẹ bá rí ọmọ Ẹ̀jìgbò tí kò ní ẹnì kan ní Àbíjàn, ẹ tún bi í léèrè dáadáa, ó lè jẹ́ àlejò. Tiwa ni Tàńtì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ń ta aṣọ níbẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò wọn níbẹ̀ ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, ìyẹn àǹtí lédè Faransé, àwa náà sì gbà á lẹ́nu wọn. Gbogbo ìkórè ni Tàńtì máa ń wálé, pẹ̀lú àtíkẹ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ẹja yíyan àti ẹnu tó ń da Faransé pọ̀ mọ́ Yorùbá bí ẹni da ata pọ̀ mọ́ epo. Màmá mi ti bá wọn sọ̀rọ̀ gìtá lórí fóònù. Nígbà tí wọ́n máa dé lọ́jọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ ìkórè gan-an, àpótí méjì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó kí ìyá wọn. Àwọn onígìtá ń pè é ní ẹ̀fẹ́ẹ̀tì. Àpótí ohùn la pè é nílé wa. Ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí. Wáyà gìtá á gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, òmíràn á gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde lọ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Bí onígìtá bá wá fi ẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnì orí rẹ̀, ohùn gìtá á yí padà: á nípọn, tàbí kó pẹ́ kó tó kú, tàbí kó máa dún bíi pé èèyàn mẹ́ta ló ń ta á. Ọ̀kan nínú méjèèjì tóbi, irin ni láti òkè délẹ̀, bọ́tìnì irin mẹ́wàá ló wà lórí rẹ̀, iná pupa ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀, iná mànàmáná ló sì ń jẹ. Tàńtì ní ohùn ọgọ́rùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Èkejì kò ju ìwé Bíbélì Ìyá Àgbà lọ, rọ́bà dúdú ni, bọ́tìnì rẹ̀ fẹ̀, mẹ́ta péré ni, bátìrì ló ń lò, ohùn tó mọ̀ kò sì pé mẹ́wàá. Ẹni tó ń tà á ní Àbíjàn mọ Tàńtì dáadáa, ó ní kí wọ́n kó méjèèjì lọ, kí wọ́n yan ọ̀kan, kí wọ́n fi èkejì rán dírẹ́bà tó máa padà láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Tàńtì ní, "Dìde, jàre. Sà fà alé." Ìyẹn ni pé yóò dára. Gbogbo nǹkan ni sà fà alé lọ́dọ̀ Tàńtì, títí kan ibà.

Púlọ́ọ̀gì àpótí ńlá náà kò wọ ihò iná wa, nítorí ẹsẹ̀ ti Àbíjàn róbótó, tiwa sì ní ìgun. Bàbá mi gé e kúrò, ó fi tiwa rọ́pò rẹ̀. Wáyà mẹ́ta ló wà nínú okùn náà, ó so méjì, iná tàn, ó bá ká ẹ̀kẹta kò, ó fi téèpù wé e mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ó ní, "Èyí ò ṣe nǹkan kan, àwọn Faransé kàn fẹ́ràn àṣejù ni." Lónìí, ọmọ mi tó kéré jù lè sọ fún yín pé wáyà yẹn ló máa ń kó iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, kó má baà gba ara èèyàn lọ. Ta ló mọ̀ nígbà náà? Àwa tí a bá ti rí i pé nǹkan tàn, a ti dúpẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nírọ̀lẹ́ la yàn án. Ní ilé wa, bí ọ̀rọ̀ bá kan gbogbo wa, ẹni tó kéré jù ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bàbá bàbá mi ló fi lélẹ̀ kí wọ́n tó kú. Wọ́n ní bí àgbà bá ti la ẹnu, ohun tó bá sọ lọmọdé máa tún sọ, ìmọ̀ràn ò sì ní pọ̀. Bàbá mi dúró láàárín àgbàlá, ó wọ ṣòkòtò iṣẹ́ àti bàtà bíríkìlà rẹ̀ tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn bíi búrẹ́dì. Ó fi kékeré ta gìtá, ó fi ńlá náà ta á. Ńlá yìí, háà! Ó tẹ ọ̀kan, gìtá ń ṣàn bí odò. Ó tẹ òmíràn, ó ń bú bí ẹkùn. Àwọn aládùúgbò ti gun ògiri. Wọ́n bi Dọ̀tun, ó nawọ́ sí ńlá, ó ní, "Eléyìí tó ń ṣẹ́jú!" Ó kàn mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rojọ́ bí lọ́yà. Mo ní, "Bàbá, ńlá ni kẹ́ ẹ mú o! Ohùn ọgọ́rùn-ún! Kí wọ́n ra kíbọ́ọ̀dù mẹ́wàá, ẹ ó borí wọn!" Àwọn tó wà lórí ògiri pàtẹ́wọ́ fún mi. Màmá mi dá maṣíìnì dúró. Ó ní, "Bàbá Ṣèyí, ẹ bọ́ bàtà yẹn kẹ́ ẹ tó yàn. Ẹ wọ sùtánà yín pẹ̀lú. Ẹsẹ̀ lásán lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì." Òótọ́ ni, ìjọ wa kì í wọ bàtà wọ inú ilé Ọlọ́run, ẹ̀wù gígùn la sì ń wọ̀. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Ṣèyí, gìtá ò jọ aṣọ rírán." Tàńtì ní, "Ńlá ni kó mú. Èmi tí mo gbé e láti Àbíjàn, kí èjìká mi má jìyà lásán." Ó wá kan Ìyá Àgbà. Wọ́n ní, "Ńlá yẹn ń hó bí ìkòkò ẹ̀wà. Kékeré yìí, mo gbọ́ orin nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí mi ti gbó, ẹ má tẹ̀ lé tèmi." Bàbá mi ló máa dájọ́, nítorí òun ló ni ẹsẹ̀. Ó wò mí, ó fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ní, "Ṣèyí mi ló mọ nǹkan. Ńlá ni." Orí mi wú títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

Ọjọ́rú, àgbàlá wa di ibi ìran. Ọjọ́bọ̀ lọ́sàn-án, Tàńtì gbé kékeré lọ fún dírẹ́bà ní garéèjì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo wa lọ síbi ìdánrawò ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà yẹn ni màmá mi jàre, mi ò sì tíì gbàgbé bó ṣe jàre. Àwọn ìyá ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi àti ọṣẹ fọ ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tán ni, ó ṣì tutù. Bàbá mi wọ sùtánà, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé gìtá kọ́rùn, ó so gbogbo wáyà pọ̀. Bàbá Akọrin fún un ní àmì. Bàbá mi na ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì irin. Ó fò sókè! Ó ní, "Yéè!" Àwọn akọrin dáhùn pé, "Halelúyà!" Ó rò pé kókòrò ló já òun jẹ, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún fò, ó yí po lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ní Ẹ̀mí ti bà lé Bàbá Ṣèyí. Agogo ti ń dún. Ìyá tó máa ń kọ ìran sílẹ̀ nínú ìjọ wa ti jókòó tì í lẹ́sẹ̀, ó ti ṣí ìwé, ó ti fẹnu lá bírò, ó ń wò ó lẹ́nu, ó ń dúró kó sọ̀rọ̀. Bàbá mi fẹ́ sọ̀rọ̀, ahọ́n rẹ̀ kò gbọ́ràn. Ó tẹsẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kẹta níbi tó ti ń wá bí yóò ṣe kúrò níbẹ̀, ó sì fò débi tí fìlà rẹ̀ bọ́. Màmá mi ló sáré láti ẹ̀yìn, ó fa wáyà yọ lára ògiri. Ó pariwo pé, "Ẹ má dúpẹ́ mọ́! Iná àpótí ló ń gbọ̀n ọ́n!" Ẹ̀rín tó sọ nínú ilé Ọlọ́run lọ́jọ́ náà, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo yọjú sínú ìwé ìyá yẹn lẹ́yìn náà. Ó ti kọ ọ́ pé: "Ó fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò tíì sọ̀rọ̀."

Bí mo bá rántí rẹ̀ lónìí, mo máa ń rẹ́rìn-ín tán kí ara mi tó bù máṣọ, nítorí mo ti wá mọ ohun tí iná lè ṣe fún ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ tútù láìwọ bàtà. Ọlọ́run ló yọ bàbá mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ìtìjú ló ń pa á, kì í ṣe iná. Bàbá Akọrin fi ọwọ́ bo ẹ̀rín, ó ní, "Bàbá Ṣèyí, ẹ jẹ́ ká fi gìtá sílẹ̀ báyìí. Ọjọ́ Àìkú ti dé tán. Ẹ wá bá wa kọrin, ohùn yín náà ò burú." Bàbá mi tú gbogbo wáyà. Ó fi aṣọ wé gìtá bí ẹni wé òkú ọmọ, ó gbé e wálé, ó fi kọ́ ìṣó. Èmi sá lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo sunkún títí imú mi fi dí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu Ìyá Àgbà nígbà àìmọye, ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí. Màmá mi bá mi níbẹ̀. Ó ní, "Ta ló nà ọ́?" Mo ní, "Kò sẹ́ni tó nà mí. Èmi ni mo ní kí wọ́n mú ńlá." Màmá mi wò mí títí, ó wá fi etí ìró rẹ̀ nu imú mi. Ó ní, "Ẹnu ẹ tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó gbé àpótí irin. Bàbá ẹ ló yàn án, àgbàlagbà ni. Lọ sọ fún Tàńtì pé mọ́tò yẹn ò tíì lọ. Ẹ jọ lọ bá a láàárọ̀."

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí Tàńtì fi gbé mi sáàárín ara wọn àti ọlọ́kadà, àpótí ńlá lórí itan wọn, nẹ́ẹ̀tì irun ṣì wà lórí wọn. A bá mọ́tò ní garéèjì, wọ́n ti di ẹrù tán, àpò gààrí àti èlùbọ́ ga ju òrùlé lọ, èrò ti jókòó, dírẹ́bà ti ṣáná sí ọkọ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀? Abẹ́ gbogbo ẹrù yìí ló wà. Ẹ jẹ́ kó lọ, màá bá yín mú un bọ̀ nígbà tí mo bá tún ń wálé." Tàńtì ní ìkórè ò ní dúró de òun. Dírẹ́bà ní òun náà ò lè dúró de ìkórè. Tàńtì sọ ọ́ ní Faransé, dírẹ́bà fèsì ní Faransé, mi ò gbọ́ ọ̀kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe àdúrà ni wọ́n ń ṣe. Ni Tàńtì bá ká ìró, wọ́n jókòó pátá síwájú táyà. Wọ́n ní, "Gùn mí kọjá." Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Bàbá kan yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Ọmọ yìí, kí ló dé tí ìyá rẹ jókòó sílẹ̀?" Òun ló bi mí o. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí kíbọ́ọ̀dù, mo sọ ọ́ dé orí bàtà bíríkìlà, mo fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí bàbá mi ṣe fò, mo ṣe bí ìyá tó ń fẹnu lá bírò. Mọ́tò ń mì tìtì fún ẹ̀rín. Obìnrin kan ń di ikùn mú, ó ní kí n má pa òun. Mo wá sọ fún wọn pé tí a kò bá rí kékeré gbà, wọ́n á gba àyè bàbá mi, ohùn mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n níbẹ̀, mi ò ṣe é mọ̀ọ́mọ̀. Bàbá ojú fèrèsé ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Dírẹ́bà, pa mọ́tò. Àwa la ni ẹrù, àwa la máa sọ̀ ọ́." Bí wọ́n ṣe ń sọ àpò gààrí kalẹ̀ nìyẹn, tọkùnrin tobìnrin, títí wọ́n fi kan àpótí rọ́bà dúdú nísàlẹ̀. Dírẹ́bà gba ńlá lọ́wọ́ wa. Ó ń kùn, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín sí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, bàbá mi gbà láti dán an wò, lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó bọ́ bàtà. Ó wọ sùtánà. Màmá mi da garawa omi kan sílẹ̀ fún un láti dúró lé, ó ní bí yóò bá fò, kó fò nílé. Kò fò. Bọ́tìnì náà fẹ̀, ó rọ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, bátìrì kò sì gbọ̀n ọ́n lẹ́sẹ̀. Ohùn tó kọ́kọ́ jáde nípọn bí oyin, ó sì pẹ́ lẹ́yìn tó ti gbọ́wọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n wàhálà mìíràn dé: etí sùtánà wọ́lẹ̀, ó ń bo àpótí, kò rí ibi tó ń tẹ̀, ìgbà mìíràn, aṣọ á wọ abẹ́ ọmọ ìka rẹ̀, á tẹ èyí tí kò yẹ, gìtá á sì dákẹ́ wọ̀ọ̀. Tàńtì ní kí wọ́n gé aṣọ kúrú. Màmá mi fò dìde. "Gé kínni? Ọrùn ẹsẹ̀ ni sùtánà gbọ́dọ̀ kàn! Èmi tí mò ń fi téèpù wọn gbogbo ìjọ, tí mo ti lé ọmọ ọlọ́mọ padà sílé nítorí ìka méjì, kí ojúgun Bàbá Ṣèyí wá hàn níwájú pẹpẹ? Ta ló tún máa gbéṣẹ́ fún mi?" Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹjọ́ lásán. Oúnjẹ wa ló wà nínú aṣọ funfun yẹn, orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Bàbá mi ní, "Ìyá Ṣèyí, jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo lè kọrin." Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò bínú, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà. Ìyá Àgbà tó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Màmá mi padà sídìí maṣíìnì, ó ń rán aṣọ oníbàárà, ó ń rán an kíkankíkan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí bàbá mi fẹ́ wọ sùtánà rẹ̀, ó bá a ní títẹ́, ó lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́ fún ooru áyọ́ọ̀nù, ó sì kúrú ní ìbú ọwọ́ kan gbáko. Ó wo màmá mi. Màmá mi ń di gèlè rẹ̀, ó ní, "Ẹ má wò mí. A ti ń pẹ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ìrìn ọjọ́ náà gùn lójú mi. Ojúgun bàbá mi gbẹ bí igi ìdáná, funfun aṣọ wá jẹ́ kó hàn dáadáa. Àwọn ìyá ń fi ìgúnpá gún ara wọn. Bàbá Wòlíì wò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n wo màmá mi, wọ́n sì mi orí, mi ò mọ̀ bóyá ìbínú ni tàbí ìyanu. Màmá mi gbé ojú sókè gan-an bí ẹni tí kò jí nǹkan. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo jókòó sí, ó di ọwọ́ mi mú ṣinṣin. Iṣu, àgbàdo, ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀, adìyẹ tí wọ́n dì lẹ́sẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti kún iwájú pẹpẹ. Bàbá Akọrin sọ fún bàbá mi pé orin ìdúpẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn fún un. Ó ní kó ṣe é kó tán síbẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀, ó ń bú ramúramù. Gìtá wọlé. Ní ìlà àkọ́kọ́, ẹ̀fọn yẹn náà ni. Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn wa pòṣé. Bàbá mi wolẹ̀, ó rí àpótí rẹ̀ kedere, ó gbé ẹsẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó tẹ̀ ẹ́.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé òrùlé ṣí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn èèyàn yíjú. Ohùn gìtá jáde lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù, ó gun òkè rẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó tutù, ó dùn, ó mọ́ bí omi àmù. Bàbá àgbà kan tí kì í jó ti dìde. Àwọn tó gbé adìyẹ ń jó tòun tadìyẹ. Bàbá mi kò rí ìkankan nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò, ó ń gé ètè jẹ bí ọmọ tó ń ṣe ìṣirò. Orin náà pé ìgbà mẹ́ta, ìgbà mẹ́rin. Ó tó àkókò kó parí, Bàbá Akọrin kò parí rẹ̀. Mo rí i tó dẹ ọwọ́, tó tún dẹ ọwọ́ sí i, ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù pátápátá, ó ká wọn lé àyà, ó fi gbogbo orin sílẹ̀ fún gìtá nìkan. Bàbá mi gbọ́ pé kíbọ́ọ̀dù ti dákẹ́. Ẹ̀rù bà á, ó rò pé òun ti ba nǹkan jẹ́, ó gbójú sókè. Bàbá Akọrin ń wò ó, omi ti lé ròrò lójú rẹ̀. Ó mi orí sí i pé, máa bá a lọ, onígìtá wa, máa bá a lọ.

Màmá mi ti já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, Bàbá Ṣèyí ni mo mọ̀ tó ń pe bàbá mi, nílé, lóde, nínú ìjà, nínú àdúrà. Lọ́jọ́ náà, ó gun orí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì tòun ti sùtánà, gèlè rẹ̀ ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó na ìka sí ojúgun gbígbẹ yẹn níwájú gbogbo ìjọ, ó sì ké e pé:

"Ọkọ mi ni o! Èmi ni mo gé aṣọ ẹ̀, ọkọ mi ni!"